"Carry On" Bàbá Lìádì

Ọjọ́ ìgbéyàwó Kaothar, ọmọ aládùúgbò wa, ní Lalupon ni òkìkí bàbá mi, Lìádì, kàn. Ààfáà ń wàásù bọ̀ láti àárọ̀, wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n mu omi. Bàbá mi pariwo láti ẹ̀yìn: "Carry on, Ààfáà!" Omi pá Ààfáà lórí. Wàásù parí síbẹ̀, gbogbo èrò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Gbogbo òyìnbó tí bàbá mi gbọ́ nìyẹn. Ẹnu agbaṣẹ́ṣe tó ń la ọ̀nà Ìrókò ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọkùnrin náà kì í fọwọ́ kan ṣọ́bìrì, "carry on" ló ń wí kiri, òun ló sì sanra jù níbẹ̀. Bàbá mi rọ́gbọ́n kọ́.

Tíṣà Títíladé gbìyànjú láti tún un ṣe.

"Bàbá, ó túmọ̀ sí pé kéèyàn máa bá ohun tó ń ṣe lọ."

"Ṣé mo ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ni?"

"Rárá, sà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ la ń sọ ọ́ fún. Àná, ẹni tó ń sùn lẹ sọ ọ́ fún."

"Tíṣà, ṣé oorun kì í ṣe nǹkan tí à ń ṣe ni?"

Tíṣà gbé báàgì wọn, wọ́n kọjú sọ́nà ilé.

"Carry on, Tíṣà!"

Èyí nìkan ló bọ́ síbi tó yẹ.

Tí a bá ń ṣọwẹ̀ ẹ̀gẹ́ bíbó, bàbá mi á dojú bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà délẹ̀, wọ́n á jókòó lé e, wọ́n á máa pariwo "Carry on!" sí wa. Ọ̀bẹ ò kan ọwọ́ wọn rí. Ọjọ́ kan, ó sú Àǹtí Fàdìlàt, olórí ọwẹ̀.

"Bàbá Lìádì, ẹ mú ọ̀bẹ wá, àbí kẹ́ ẹ fi ẹnu yín sílé!"

Bàbá mi fi ẹnu wọn sílé, àwọn náà sì jókòó tì í. Àwọn obìnrin ò rẹ́ni bú mọ́, ni wọ́n bá ń bú ara wọn. Ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rà. Lọ́jọ́ kẹrin, Àǹtí Fàdìlàt fúnra wọn ló wá bẹ̀bẹ̀, bókẹ́ẹ̀tì lórí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá mi kú. Èmi lọmọ, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí sàárè. Mo bù ú. Ọwọ́ mi kọ̀. Tí mo bá ti dà á, ó parí nìyẹn. Gbogbo èrò dúró ti ṣọ́bìrì wọn. Ààfáà ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn náà ló kírun sí bàbá mi lára. Ààfáà wò mí títí. Wọ́n wúkọ́.

"Carry on, ọmọ mi."

Sàníù, ọ̀kan nínú àwọn tó mú ṣọ́bìrì, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. La bá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Mo da yẹ̀pẹ̀ náà.

Bókẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbi ọwẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e. Tí iṣẹ́ bá ti ń falẹ̀, Àǹtí Fàdìlàt á wò ó, wọ́n á tún ọ̀bẹ mú.

"A ti gbọ́ o, Bàbá."