Fọ́tò Olórin Tó Pọnmọ

Bí ayàwòrán àdúgbò wa ní Koumassi, l'Abidjan, bá kígbe "Bouge pas!", pé kí ẹni tó ń yà má mira, takisí wôrô-wôrô tó ń kọjá lọ á dúró gbagidi. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó gbé fọ́tò gbajúmọ̀ olórin kan tó pọnmọ kọ́ sára ògiri ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ọkùnrin nìyẹn? Ó kù kó fún un lọ́mú!"

Ayàwòrán ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò lè gbé ọmọ ara rẹ̀ ni kí ẹ bi bẹ́ẹ̀."

Òun náà ń pọn ọmọbìnrin rẹ̀ ṣiṣẹ́, àwa náà ò yé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí yẹ̀yẹ́ wa sú u, ó fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìgbòho nílé.

Lẹ́yìn ọdún méje, ọmọ náà padà dé. Ó wo èmi àti bàbá rẹ̀ tí a wá pàdé rẹ̀, ó rí irùngbọ̀n mi, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá mi, ẹ kú ilé."