Ọjọ́ tí Baálẹ̀ Bá Ìyá Ṣadé Jẹ Obì

Ọjọ́ tí wọ́n yẹ́ Ìyá Ṣadé sí ní abúlé wa lẹ́bàá Ìlá ni n kò lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ṣáájú rẹ̀.

Òyìnbó ṣì ń ṣàkóso nígbà náà. Ibà dá mi dùbúlẹ̀, nǹkan sì sú sí mi lójú. Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa, wò mí, ó ní, “Má dárúkọ ẹ̀ o. Ilẹ̀ ló gbóná.” Mo mọ̀ pé ṣọ̀pọ̀nná ni. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ sá lọ sóko. Ìyá Ṣadé nìkan ló ń wọlé tọ̀ mí, nítorí àrùn náà ti ṣe é rí, kò sì lè ṣe é mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń tọ́jú gbogbo aláìsàn abúlé. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń gbé òkú kọjá, mo sì ń rò pé èmi ló kàn.

Egbò ara mi gbẹ, ìyàwó mi sì kó àwọn ọmọ padà dé, àmọ́ àwọn èèyàn ṣì ń sá fún Ìyá Ṣadé lọ́nà, wọ́n ní ó lè kó àrùn náà ran àwọn.

Lọ́jọ́ tí wolé-wolé kéde pé àrùn ti tán, Baálẹ̀ pè wá jọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé.

“Ìyá Ṣadé, wá jókòó tì mí.”

“Baba, ẹ jẹ́ kí n dúró lókèèrè.”

“Ṣé òkèèrè lo dúró sí nígbà tí ilẹ̀ gbóná? Jókòó, jàre!”

Baálẹ̀ gé awẹ́ obì kan jẹ, ó fún un ní ìyókù obì náà, òun náà sì jẹ awẹ́ kan níbẹ̀. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa láti sún mọ́ wọn. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dìde. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Ṣadé, ó sì tẹ́wọ́ gba awẹ́ obì tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.