Oríkì Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Ẹ̀rọ

Ẹni tó bá jẹ́ olùkọ́ nígbà ìjọba ológun kò ní í gbàgbé. Oṣù á parí, owó oṣù ò ní í yọjú. Nínú gbogbo àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní Ẹdẹ, kò sẹ́ni tí kò ní iṣẹ́ kejì. Èmi ń dáko díẹ̀ lọ́nà Alajue. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí Òkè Gáda. Kọ̀ǹpútà kan ló ní níbẹ̀, gbogbo wa sì gbà pé kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Èmi náà ní ọ̀kan. Àbúrò mi tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti lò tó ti sú u. Ó wúwo bí odó kékeré, bátìrì rẹ̀ ti kú, bí kò bá sí iná, ìdúró ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fi í ṣe. Bàbá mi ló kù tó mọ oríkì ilé wa délẹ̀, láti orí ẹni tó tẹ agboolé náà dó títí dé orí àwa. Odindi ọdún kan, bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, wọn á máa kì í, èmi á máa fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá pẹ́ jù, wọn á ní, "Ìwọ yìí, ṣé ẹ̀wà lò ń ṣà ni?"

N kò tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Bébà wọ́n bí imí eégún nígbà náà, mo sì ní ó dìgbà tó bá parí. Ó parí lóòótọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn ẹ̀gbà dé, ó gba apá ọ̀tún bàbá mi, ó gba ahọ́n wọn. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí oúnjẹ ọ̀sán bá ti wọlé tán, wọn á na ọwọ́ òsì sí ẹ̀rọ náà kí n ka oríkì fún wọn.

Ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. N ó tàn án, n ó lọ wẹ̀, n ó dé, yóò ṣì máa jí lọ́wọ́. Mo gbé e lọ sí Òkè Gáda. Ọ̀rẹ́ mi gbé etí lé e bí ẹni ń gbọ́ àyà ọmọ tó ń wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ètò tó ń darí rẹ̀ ló ti gbó. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká fi tuntun sí i. Mo ní i, dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlá. Ìbàdàn ni mo ti dà á kọ."

Ó wá fi òyìnbó àwọn oníkọ̀ǹpútà ṣàlàyé ohun tí òun máa fọ̀ àti ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí òun tó fọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ ti ṣe ìyẹn, àbí?" Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ojú tì mí láti sọ pé kò yé mi. Mo ní, "A ti ṣe gbogbo ìyẹn." Lọ́kàn tèmi, bí èèyàn bá fọ ilé, ẹrù orí àjà kì í bá omi lọ.

Dísíkẹ́ẹ̀tì kìíní, pẹlẹbẹ ike tí wọ́n ń da nǹkan kọ sí, wọlé, ó jáde. Ìkejì. Ó dé orí ìkẹsàn-án, ẹ̀rọ ní kì í ṣe èyí tí òun béèrè nìyí. Ọ̀rẹ́ mi yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ò gbà. Ó wá fi sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ohun tó yọ síta ni ètò ìsìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan: ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni yóò kọ́kọ́ jó wọlé, lẹ́yìn náà àwọn akọrin.

Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù bí ọkọ rẹ̀ bá wà ní iléèwé, ń hun fìlà ọmọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá wọn, ṣé ìwọ lo lo dísíkẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Èmi ni. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ò mú tiẹ̀ dání. Mẹ́tàlá jókòó síbẹ̀, eruku bò wọ́n. Mo ní bí a bá mú ọ̀kan níbẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe?"

"Kì í ṣe àwo ìjẹun, ìyá yìí."

"Ta ló pa ti oníṣòwò ọjọ́sí rẹ́, tó fi tẹ lẹ́tà ẹgbẹ́ olùkọ́? Ẹ̀yin kọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Tuntun ò sí lọ́jà, gbogbo wa là ń pa ti ẹlòmíràn rẹ́ láti kọ tiwa.

Mo bá wọn pẹ̀tù sí i. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí ìkẹsàn-án bá ti Ìbàdàn dé, ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣì wà nínú rẹ̀."

Ó yíjú sí mi. "Ọ̀rọ̀ wo?"

"Oríkì tí mo tẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ti dà á kọ síbòmíràn."

Ìyàwó rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní, jẹ́jẹ́, "Mo ti fọ̀ ọ́ lọ kí ìkínní tó wọlé."

Kò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà dúró de ọkọ̀ Ìbàdàn ní oríta Sekona láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀; epo ò sí, ọkọ̀ ò kọjá. Ọjọ́ kẹta ló tó dé Ìbàdàn. Nígbà tó bọ̀, ẹ̀rọ ń jí kíákíá bí ọmọ ọdún méje. Inú rẹ̀ mọ́ bí àwo tí ajá lá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá mi na ọwọ́ òsì wọn sí i. Mo ṣí i, mo kọjú ẹ̀rọ sí ara mi, mo ṣe bí ẹni ń kàwé.

"Ọmọ aroko létí Ọ̀ṣun má bumi mu."

Wọ́n mi orí, wọ́n dijú. Mo ń bá a lọ. Nígbà tí mo dé orí ẹnì kẹrin, mo ṣìnà. Wọ́n fi ọwọ́ lu ibùsùn lẹ́ẹ̀kan, pé kí n padà. Mo padà, n kò rí i mú. Wọ́n lajú, wọ́n na ọwọ́, wọ́n yí ẹ̀rọ náà síhà ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú.

Wọn ò bínú. Ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ náà fún mi. Mo tẹ̀ síwájú, mo gbé etí sún mọ́ wọn. Èémí nìkan ni mo gbọ́.