Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Ọwọ́ Sókè Nídìí Píkọ́ọ̀pù Wa

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù bí olú ní Ọ̀tà, kò sẹ́ni tí kò wá iṣẹ́ mìíràn kún iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó ìgò òfìfo sí á di Àgọ́ Ìṣẹ́gun kí oṣù tó parí. Onílé tí yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ń jò á kun ún lọ́dà, á sì máa pè é ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Ọkọ tèmi fi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ oníke sílẹ̀ ní Sáńgò, ó ra ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù kan, ó ń fi í kó àga lọ fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe àpèjọ. Mẹkáníìkì wa ní Jójú náà kò gbẹ́yìn. Ó di pásítọ̀.

Kò kúkú fi sípánà sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, á ti àwọn ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á da yanrìn sórí ibi tí ọ́ìlì ti rin ilẹ̀, á to àga, ṣọ́ọ̀bù á sì di ilé ìsìn. Lọ́jọ́ Ajé, á tún yí i padà. Ibi tó ti wá ń dùn mí ni pé ó da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Tó o bá gbé ọkọ̀ lọ bá a, kò ní béèrè ibi tó ti ń dún mọ́. Á béèrè ẹni tó ń bá ẹ jà nílé bàbá ẹ.

Ojú ọ̀nà Ìlò-Awẹ́là ni irin ẹ̀yìn ọkọ̀ wa ti kán, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ń pè ní ásù. Kòtò tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ni ọkọ mi kó sí, tòun ti ẹrù àga rẹ̀. Pásítọ̀ wo irin náà, ó mi orí, ó ní ọfà ni, láti abúlé. Mo ní abúlé wo? Ọmọ Ọ̀tà ni mí, ibí yìí ni abúlé mi, àwọn ẹbí mi ló sì kún ibẹ̀. Mo bi í bóyá èmi ló ń bá wí. Ó ní ẹ̀mí kò dárúkọ.

Wọ́n bá wa rí ásù tòkúnbọ̀ kan, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e sí i. Mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Kí n sọ òótọ́, oúnjẹ kọ́ ló gbé mi lọ. Mo mọ àwọn tí ọkọ mi ń bá rìn.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ mú kí orí mi gbóná. Wọ́n ti yọ táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Jáàkì kan ṣoṣo ló gbé ìdí ọkọ̀ sókè, orí yanrìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ló sì dúró sí. Wọn ò fi òkúta kankan dí táyà iwájú. Ọkọ mi nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀, ó ń kọrin.

Mo ní, "Dádì, ẹ jáde níbẹ̀."

Ó ní, "Ní ìgbàgbọ́, Mọ́mì."

Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Jáàkì ni mi ò gbà gbọ́. Mo wá ohun tí mo lè kì sábẹ́ ọkọ̀ náà yíká ṣọ́ọ̀bù, mi ò rí nǹkan kan àfi àwọn ìtì igi ńlá tí wọ́n to pẹpẹ lé lórí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn.

Pásítọ̀ pariwo pé, "Màmá, pẹpẹ nìyẹn!"

Mo ní kí pẹpẹ wá ṣiṣẹ́ díẹ̀. Mo to igi náà léra wọn lọ́tùn-ún lósì, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan férémù ọkọ̀. Pásítọ̀ sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé ẹ̀mí iyèméjì ló ń dà mí láàmú, kí wọ́n fi mí sádùúrà. Mo ní wọ́n ṣeun.

Àwọn ọmọ ìjọ méjì ló gbé ásù náà, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní ìdí, ọkọ mi sì ń darí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kí ihò ara rẹ̀ lè bọ́ sórí kókó sípíríǹgì. Ó wọlé, ó kù kí wọ́n fi bóòtù dè é. Inú Pásítọ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ibi tó wà. Ó dijú, ó ní, "Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, kẹ́ ẹ fi ìyìn fún un!"

Ìjọ tó gbọ́ràn ni ìjọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ sókè.

Ásù já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, ó gbá ìdí jáàkì, jáàkì dojú bolẹ̀, gbogbo ìdí ọkọ̀ sì wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ tí igi tí mo tò ń ké lábẹ́ férémù. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àní orin tí ọkọ mi ń kọ ti dákẹ́. Mo pè é. Mo tún pè é. Ohùn rẹ̀ wá jáde lábẹ́ ibẹ̀, ó tín-ín-rín bíi ti ọmọdé, ó ní òun wà láàyè.

Wọ́n fà á jáde, lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fojú sílẹ̀ ṣiṣẹ́. Wọ́n dí táyà iwájú, wọ́n gbé jáàkì lé orí irin pẹrẹsẹ, wọ́n yá jáàkì mìíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe nítòsí láti fi gbé ásù. Wọ́n ń de nọ́ọ̀tì àwọn bóòtù náà ní díẹ̀díẹ̀ láti igun dé igun, kí apá kan má baà le ju èkejì lọ. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ìyìn títí wọ́n fi de bóòtù tó kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Pásítọ̀ jẹ́rìí pé pẹpẹ òun ló na apá, tó gbé ọkọ̀ ró lórí ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ìjọ pariwo. Ẹnikẹ́ni ò béèrè bí pẹpẹ ṣe rìn dé abẹ́ píkọ́ọ̀pù. Mo fẹ́ dìde, kí n tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, àmọ́ ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀. Mo jókòó. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa yí po, àwọn onímọ́tò ti ń to ìlà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹ́ kí pẹpẹ fọwọ́ kan ọkọ̀ tiwọn.

Nọ́ọ̀tì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tún gba dídè lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀. Pásítọ̀ ní kò nílò ẹ̀, Ọlọ́run ti fi èdìdì dì í. Ọkọ mi ṣe àmín, ó gbé ọkọ̀ wálé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú sípánà, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò lè wò mí lójú.

Ó ní, "Mọ́mì, jọ̀ọ́, wá dúró tì mí. Mi ò lè wọ abẹ́ ẹ̀ tí o ò bá sí níbẹ̀."