Ìyá Awwal Kú, Ó Wá Bá Àkòrí Ìgbìmọ̀ Mu

Ìyá Awwal kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bá àwọn ọmọ rẹ̀ kẹ́dùn. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ̀yin ni mo kí kú oríire. Ìyá náà ti wá bá àkòrí yín mu wàyí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà Bàrígà ni. Èéfín pọ́n ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dí i lẹ́nu. Bí mo bá fẹ́ kọjá láìyà, yóò pariwo pé, "Oníròyìn, ṣé ẹja inú agolo lo wá ń jẹ báyìí?" Mo fẹ́ràn ìyá yẹn, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Lọ́dún tó kọjá, ìgbìmọ̀ pè wá sípàdé pé ká wá bá wọn yan àwọn àkòrí tí wọn yóò to ìtàn àdúgbò sí. Àṣé wọ́n ti yàn án tán ká tó dé: Àwọn Ọba àti Ìjòyè, Àwọn Alága Wa, Ìdàgbàsókè. Ẹja yíyan ńkọ́? Wọ́n tì í sábẹ́ Ìgbà Ìwáṣẹ̀.

Ìyá Awwal nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà ìwáṣẹ̀ kẹ̀? Ẹja tí mo yan láàárọ̀ yìí ṣì gbóná. Ṣé mo ti kú ni, tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọláfimíhàn, ló rẹ́rìn-ín jù. "Màmá, ẹ má bínú, a máa ṣàtúnṣe ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ya fótò yín ná." Lóòótọ́, wọ́n wá yà á nídìí ààrò. Àtúnṣe ni ò dé. Ìgbàkigbà tá a bá pàdé, ìyá á bi mí pé, "Wọ́n ti yọ mí kúrò láàárín àwọn òkú?"

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fareedah ọmọ rẹ̀ ní kí n sin òun lọ wo fótò náà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọn ò tíì ṣí. Ó tóbi, ó gba ìdajì ògiri. Àkòrí òkè rẹ̀ ni Ìgbà Ìwáṣẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Obìnrin ẹlẹ́ja kan. A kò mọ orúkọ rẹ̀.

Fareedah ò sunkún. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kúkú mọ ilé wa. Kí ló dé tí wọn ò béèrè?"

Mo lọ bi akọ̀wé. "Ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà ni wọ́n," ló wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò wọ́n lójú kí n ní kí wọ́n dárúkọ ara wọn? Ìyá Awwal ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, ìyẹn ò sì jọ nǹkan tá a lè kọ sára ògiri ìjọba."

Ẹ wo ọmọlúàbí! A kì í pe àgbà lórúkọ, ẹ wá sọ àgbà di aláìlórúkọ. Àwọn alága tẹ́ ẹ tò sí ògiri kejì, ṣé àgbà kọ́ ni wọ́n? Ta ló kọ orúkọ wọn gàdàgbà-gàdàgbà, toyètoyè, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn? Inú bí mi gidi gan-an. Ẹ̀kọ́ ilé tó jẹ́ pé tálákà nìkan ni ẹ ń lò ó fún, ẹ má pè é ní ọ̀wọ̀ mọ́.

Morọ́láyọ̀ Ògúntádé ni orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́. Ẹ ṣí àkòrí fún àwọn tí ọ̀sà ń bọ́ lónìí, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n kí wọ́n bá yín yàn án. Kí alága ìgbìmọ̀ jáde sọ fún aráàlú ẹni tó fọwọ́ sí àkọlé yẹn. Fareedah ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí ilé náà. Èwo nínú yín ni yóò dúró níbẹ̀, tí yóò sọ fún wọn pé ẹ ò mọ ìyá ìyá wọn?