Ẹsẹ̀ Tó Ń Kọjá Lábẹ́ Páànù Bàbá Mi

Òórùn epo pupa tó ń gbóná lórí ẹyin iná ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, nígbà tí sòbìà dá mi jókòó ní Ìdógun. Ìyá mi á ti da epo sínú ìkòkò kékeré kan tí etí rẹ̀ ti kán, á já ewé kan sí i tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní, òórùn náà á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá mi lórí ẹní. Ọyẹ́ ń mú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ mu omi odò láyé ìgbà yẹn mọ ohun tí mò ń wí. Orúnkún mi wú, ó ń dán, kòkòrò náà sì yọ orí lábẹ́ rẹ̀, funfun bí òwú ìránṣọ.

Ìyá mi á wé e mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á fi epo gbígbóná pa ojú ibẹ̀, á wá yí igi náà díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Bí mo bá ń sunkún pé kó fà á tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní, "Ẹ́sítérì, a kì í fi ìkánjú fa sòbìà. Bó bá já sínú, ẹsẹ̀ lo máa fi dí i. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Á tún so igi náà mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà, gbogbo ilé á kó lọ sóko. Bàbá mi, ìyá mi, Ìdòwú ẹ̀gbọ́n mi, títí kan ajá. Wọ́n á tẹ́ ẹní mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbé omi àti iṣu sísun tì mí. Ilé bàbá bàbá mi ni ilé náà, páànù iwájú rẹ̀ ti wọ́ wálẹ̀, bàbá mi sì tún fi imọ̀ ọ̀pẹ kún un kí oòrùn má baà pa mí. Nítorí náà, láti orí ẹní, n kì í rí ojú ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Láti orúnkún dé ilẹ̀ ni tèmi. Mo máa ń gbọ́ ohùn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń kọrin lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn ìyẹn kò tún sí nǹkan mọ́, àfi ẹyẹlé àti ewúrẹ́. Ọjọ́ á gùn. Ẹsẹ̀ ni mo ń retí.

Mo sì mọ̀ wọ́n. Bàbá Jéènì adẹ́mu, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì kan ilẹ̀ kí gìgísẹ̀ tó dé, bí ẹni pé ó ṣì wà lórí ọ̀pẹ. Ìyá Rúùtù kì í gbé ẹsẹ̀, ó ń gbálẹ̀ lọ ni, eruku á máa tẹ̀lé e bí ọmọ. Táyé á ti sáré kọjá tipẹ́ kí Kẹ́hìndé tó dé, òun á máa wá ibi tó mọ́ tẹ̀. Ìyá Àgbà Ọmọ́tọ́lá, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ọ̀pá ló máa ń kọ́kọ́ dé. Gbogbo wọn ti lọ. Mo ń dárúkọ wọn kí ẹnu mi má baà sé mọ́ wọn ni.

Ládùúgbò wa, ẹni tó bá gbélé nígbà tí àwọn yòókù lọ sóko, aṣọ́lé ni. Kì í ṣe ewúrẹ́ nìkan ló ń lé. Òun ló gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó gba ojú ọ̀nà lọ sóko, kó sì mọ̀ bó bá bọ̀. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi á sọ ẹrù kalẹ̀, kó tó bu omi mu á bèèrè pé, "Aṣọ́lé, ṣé ẹsẹ̀ ti pé?" Bí mo bá ní ó pé, àwọn ọkùnrin á jókòó. Bí kò bá pé, wọ́n á tún mú àdá wọn. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi máa ń sọ ni pé, "Bí gbogbo ẹsẹ̀ kò bá tíì wọlé, ilẹ̀ kò tíì ṣú." Á sọ ọ́ nígbà tí a kò rí ọwọ́ ara wa mọ́.

Ìdòwú ló bá mi gé pòròpórò àgbàdo, pé kí n fi ṣeré kí n yé ké. Mo gé e kéékèèké, mo fi ẹ̀gún ọsàn kan án pọ̀ ní ìdí àti ní orúnkún kó lè máa ṣẹ́. Mo fi í ti ara ògiri. Màá di ojú, màá sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, màá la ojú. Màá tún di ojú. Bí mo bá sún un jù, á fò, eré á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe é bí ìyá mi ṣe ń yí igi sòbìà, Ìyá Rúùtù ló ń kọjá lójú mi yẹn, eruku nìkan ló kù. Bí mo ṣe ń lo ọ̀sán nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i.

Ẹsẹ̀ kan wà tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Bàtà rọ́bà dúdú ni, bàtà àgbàlagbà, ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì rí tín-ín-rín. Ẹsẹ̀ òsì á gbéra, á balẹ̀. Tọ̀tún kì í gbéra, á wọ́ ọ tẹ̀lé e ni kí bàtà má baà bọ́. Pà, wọ́ọ́. Pà, wọ́ọ́. Ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ló ń lọ láàárọ̀, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ló ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni rìn. Mo fi pòròpórò ṣe é títí, kò ṣe é ṣe. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ tí kò dùn ún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi sọ ẹrù kalẹ̀.

"Aṣọ́lé, ṣé ẹsẹ̀ ti pé?"

"Ó ku kan, Bàbá."

"Ti ta ni?"

"Bàtà ńlá."

Ẹ̀rín pa àwọn tó wà níbẹ̀. Bàbá Jéènì ní, "Bàtà ńlá kẹ̀? Ṣé sójà ń gba ibí kọjá ni?" Ìdòwú ní sòbìà ti gun orí mi. Wọ́n ka ilé kọ̀ọ̀kan létí mi. Ilé Bàbá Jéènì pé, ti Ìyá Rúùtù pé, tiwa pé. Kò sí ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹkún gbọ̀n mí. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó tì mí, ó ní, "Ṣe é kí n rí i."

Mo mú pòròpórò, mo gbé e ti ògiri. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ kó má baà gbéra. Òsì gbéra. Ọ̀tún wọ́ tẹ̀lé e. Mo fi ẹnu ṣe é: pà, wọ́ọ́. Pà, wọ́ọ́. Ìyá Rúùtù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ọmọ olóògbé Sàmúẹ̀lì nìyẹn? Dáníẹ́lì, tó wà lọ́dọ̀ Àyọ̀délé àbúrò bàbá ẹ̀. Bàtà bàbá ẹ̀ ló ń wọ̀."

Àyọ̀délé sì ti lọ sí Arímọ̀gíjà láti ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ẹnì kankan nílé tó máa mọ̀ pé ọmọ náà kò wọlé.

Wọ́n rí i ní ìdí igi obì, ó ti já bọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Bàbá Jéènì ló pọ̀n ọ́n dé. Bàbá mi ní, "Ó tó, aṣọ́lé, wọ́n ti gbé e dé, sùn." N kò sùn. Ohun tí mo sọ fún un ni pé gbígbé ni wọ́n gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì wọlé.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni mo tó gbọ́ ọ. Pà, wọ́ọ́. Ó dé iwájú wa, ó dúró. N kò rí ẹsẹ̀ tó dúró rí níbẹ̀, ẹsẹ̀ a máa kọjá ni. Bàtà méjèèjì dojú kọ mí. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ojú kan yọ lábẹ́ páànù, gbogbo ehín níta.

"Ìwọ lo kà mí?"

Mo ní èmi ni.

Sòbìà jáde tán, mo rìn, mo lọ ilé ìwé títí dé kíláàsì kẹrin, bàbá mi kú, mo jáwọ́. Nígbà tó yá, Dáníẹ́lì fẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ibẹ̀. Ó ń wakọ̀ fún ìjọba, a kó wá sí Ọ̀wọ̀. A bí ọmọ, àwọn ọmọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní gbogbo ayé wa, bàtà tó bá a mu ló ń wọ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún kò fi wíwọ́ sílẹ̀. Mo máa ń wà nídìí ọbẹ̀, màá gbọ́ ọ láti ojú ọ̀nà, màá sì bu oúnjẹ kó tó kan ilẹ̀kùn.

Ó ní oko díẹ̀ sí ọ̀nà Ìkàrẹ́ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló lọ bó ṣe ń lọ. Mo gbọ́ ọ títí ó fi yà ní ìkóríta. Ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé e dé.

Wọ́n sin ín, wọ́n ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ padà síbi iṣẹ́. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n kò ní ti ilẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò rò pé atẹ́gùn ni mò ń gbà.

Tóyìn, ọmọ Òṣogbo tó ń kàwé ní pólì, ló gba yàrá iwájú. Ó máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti òwúrọ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Mama, mò ń kọ́ ọmọbìnrin kan bó ṣe máa rìn ni."

Mo ní, "Háà, pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá fi hàn mí. Kàtúùnù ni. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi jẹun nìyẹn, kó máa mú àwòrán rìn. Mo wo ọmọbìnrin inú kọ̀ǹpútà náà, mo wọlé, mo sì sunkún tó mọ níwọ̀n. Lọ́jọ́ kejì mo ní kó bá mi wá pòròpórò.

Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa fi fóònù yà á: ẹ ya fọ́tò, ẹ sún ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ tún yà, fóònù á sì so wọ́n pọ̀. Mo ṣe ti Bàbá Jéènì, inú mi ń dùn. Tóyìn wò ó, ó ní, "Mama, ẹ má bínú o, àkèré ni bàbá yìí. Ó ń fò."

"Bàbá Jéènì ló ń fò kẹ̀?"

"Ẹ kánjú ni. Ẹ sún un jù."

Mo rántí ọwọ́ ìyá mi àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Mo tún un ṣe. Ó tún fò. Tóyìn kò gbà fún mi, ó ní kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ di ọ̀sán mọ́ wa lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Òjò ọdún náà lọ tán kí Bàbá Jéènì tó rìn bí ara rẹ̀. Nígbà tí Tóyìn ríṣẹ́ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìtàn fún ọmọdé, ó fi Ìyá Rúùtù tí mo ṣe han ọ̀gá wọn. Bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ sí mi nìyẹn pé kí n bá wọn ṣe ìrìn: ìyá kan tó ń lọ kí ọmọ rẹ̀, bàbá tí ewúrẹ́ ń fà lókùn. Tóyìn pè mí pé ọ̀gá ń bèèrè orúkọ iṣẹ́ mi. Mo ní kó sọ fún un pé aṣọ́lé ni mí.

Yàrá iwájú ti ṣófo báyìí. Èmi àti pòròpórò ló kù.

Mo ti ṣe gbogbo wọn, àfi Dáníẹ́lì. Lílọ rẹ̀ kò le, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré: pà, wọ́ọ́, ó gba ọwọ́ ọ̀tún jáde. Bíbọ̀ rẹ̀ ni kò wá. Tóyìn ní lórí fóònù pé, "Mama, ibì kan wà tí ẹ lè tẹ̀, á yí i padà fún yín." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló fi ń bọ̀, bí ẹni tí wọ́n ń wọ́ lọ síbi tí kò fẹ́. Mo yára pa á rẹ́. Ẹni tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kì í ṣe ẹni tó ń bọ̀ wálé.

Mo bá gbé e lọ sí òpin ògiri, mo yí ojú rẹ̀ sílé. Ìrìn àárọ̀ yàtọ̀ sí ìrìn ìrọ̀lẹ́. Nírọ̀lẹ́ ó ti rẹ̀ ẹ́, iṣu wà léjìká, ẹsẹ̀ ọ̀tún á pẹ́ nílẹ̀ kó tó tẹ̀lé òsì. Mo sún un díẹ̀, mo yà á. Mo sún un díẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò kúrò lójú kan.

Lánàá ló dé. Mo wò ó nínú fóònù: ó wọlé láti ìkangun, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ó dé abẹ́ páànù tí mo gé lára agolo mílíìkì, ó dúró. Mo fi ránṣẹ́ sí Tóyìn. Ó pè mí. Ó ní, "Mama, ẹ ò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ká rí ojú ẹ̀?"

Mo ní pòròpórò kò lójú.

Ọmọ orí ẹní tí mo jẹ́ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ló rí, ojú ni kò mọ̀. Èmi, mo mọ ojú náà ju tèmi lọ, ẹsẹ̀ ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ ti ṣú.