Adìyẹ Oníka Márùn-ún ti Ìyá Àwáwù

Adìyẹ nìkan ló kù tí Àpọ́nlé ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé, kò sì fi bò. Bó bá ti ṣí àgò láàárọ̀, á kí wọn bí ẹni ń kí ará ilé: "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ta ló tún ṣu sórí odó mi?" Ẹni tó bá ń kọjá lọ sóko á rò pé àlejò kúnlé. Àlejò dà? Ìpẹ̀kun Ṣakí nilé náà wà, níbi tí ilé ti tán tí pápá bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn nìkan ló ń kanlẹ̀kùn. Ràmọ́nì ọkọ rẹ̀ kú kò pẹ́ tí wọ́n ti Gáná dé, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àlejò máa lọ sílùú wọn. Àwáwù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, bá ọkọ lọ sí Àbíjàn, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbé e mì.

Ohun tí Àpọ́nlé rí mú kúrò ní Gáná kò ju aṣọ díẹ̀, ìkòkò kan, àti àgbébọ̀ tó ń ké nínú apẹ̀rẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé ilé. Àgbébọ̀ yẹn ló bí gbogbo adìyẹ tó wà lágbàlá rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ni wàá kọ́kọ́ wò. Ìka mẹ́rin ni adìyẹ ẹlòmíràn ń ní. Tirẹ̀ ní márùn-ún, èyí tó lé yẹn sì nà sókè lẹ́yìn ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ yìí ló mú Dókítà wá lọ́dún 1981. Ojúọlápé lórúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti yunifásítì n'Íbàdàn wá nínú mọ́tò kékeré tí eruku ti sọ di pupa. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o. Bí ara ẹ̀dá ṣe ń di ara nínú ẹyin ló ń wádìí, àti bí ó ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ó kúnlẹ̀ kí Àpọ́nlé, kò sì tíì dìde tó fi yíjú sí adìyẹ kan tó ń jẹ̀ níbẹ̀, tó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Jímọ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Àwáwù! Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún! Adìyẹ yín máa wọ yunifásítì, ẹ̀yin ò wọ púráímárì!"

"Tìẹ ńkọ́, Jímọ̀? Inú ọbẹ̀ lo rán tìẹ lọ."

Láti ìgbà náà, oṣooṣù ni Dókítà ń wá kó ẹyin. Àpọ́nlé ló kọ́ ọ bí wọ́n ti ń kó o. "Má kó o tán. Bí ìtẹ́ bá ṣófo, adìyẹ á kọ̀ ọ́, á lọ máa yé sínú igbó. Fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún un, á padà wá."

Kò pẹ́ tó fi di pé oṣù ni Àpọ́nlé ń wò lójú ọ̀run. Bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́, á gbálẹ̀ títí dé ojú ọ̀nà. Á gún iyán tó pọ̀ ju ti ẹni méjì lọ. Ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ látìgbà tí Dókítà ti lọ, á tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí lo tilẹ̀ fẹ́ rí nínú ẹsẹ̀ adìyẹ gan-an?" ló bi í lọ́jọ́ kan.

"Màmá, ohun tí ara fi ń kọ́ ìka, ọ̀kan náà ni nínú adìyẹ yín àti ti Jímọ̀. Kódà, ó wà lára tiwa, ó wà lára aláǹgbá. Àmọ́ nǹkan kan wà tó ń pàṣẹ fún un: bẹ̀rẹ̀ níbí, ó tó níbẹ̀ yẹn. Mo rò pé àṣẹ yẹn ló yàtọ̀ nínú tiyín. Irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, bó bá ń gorí ara wọn fún ọdún àìmọye, ó lè sọ ọwọ́ ẹranko di apá ẹyẹ."

Àpọ́nlé ro ó wò. "Bí ìgbà tí Ràmọ́nì bá gba àwọn tó ń kọ ebè nìyẹn. Ọkọ́ kan náà, ilẹ̀ kan náà. Ọjọ́ tó bá sùn lọ lábẹ́ igi, tí kò sọ pé ó tó, wọ́n á kọ ebè wọ oko olóko."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí iyán fi tutù.

Bí Dókítà bá wá fẹ́ wọ mọ́tò, Àpọ́nlé á béèrè pé, "Àwọn ọmọ wa ńkọ́ n'Íbàdàn?" Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀rọ wà tó ń sàba bí adìyẹ. Lójú tirẹ̀, agbo adìyẹ oníka márùn-ún ti ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá kan níbẹ̀. Dókítà á wo ilẹ̀. "Wọ́n wà, Màmá."

Nígbà ọyẹ́ ọdún kejì, Àpọ́nlé ń bá a gbé iṣu sẹ́yìn mọ́tò, ló bá rí ìgò kan nínú páálí. Omi wà nínú rẹ̀, òròmọdìyẹ kékeré kan sì wà nínú omi náà. Kò níyẹ̀ẹ́ lára. Ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi dígí, egungun nìkan ni wọ́n pa láró. Àpọ́nlé gbé ìgò náà sójú oòrùn. Kò wo orí, kò wo àyà. Ẹsẹ̀ ló wò.

Ìka márùn-ún.

"Ojúọlápé." Kò pè é lórúkọ rí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Inú ẹyin ni àṣẹ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Bí a ò bá ṣí i, a ò lè rí i."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Màmá."

"Mò ń bi ọ́ léèrè wọn, o sì ń sọ fún mi pé wọ́n wà."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé ẹ ò ní fún mi mọ́."

Àpọ́nlé dá ìgò padà sínú páálí, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò sìn ín.

"Ẹ lé e dànù bó bá tún yọjú," ni Jímọ̀ ń wí. "Ọbẹ̀ tèmi tẹ ń bú, ó sàn ju ìgò lọ." Inú ń bí Àpọ́nlé lóòótọ́, àmọ́ ilé dákẹ́. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ ilẹ̀kùn síwá sẹ́yìn. Bó bá lé e, ta ló kù tó máa kúnlẹ̀ lágbàlá yìí, tó máa sọ pé Màmá, ẹ kú ilé? Ó ń kó ẹyin sínú igbá bó ti máa ń ṣe. Ọjọ́ tó gbúròó mọ́tò, gèlè kò tíì dúró lórí rẹ̀ tó ti dé ojú ọ̀nà.

"Ẹyin wà nínú ilé. Lọ kó o. Má ṣáà purọ́ fún mi mọ́."

Dókítà kúnlẹ̀, kò dìde. "Òótọ́ kan kù, Màmá. Èyí tí mo bá kó lónìí ló kẹ́yìn. Iṣẹ́ ti parí níbí. Òkè òkun ni mò ń lọ."

"Wàá padà wá?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Àpọ́nlé fúnra rẹ̀ ló bá a to ẹyin sínú èèpo ìrẹsì nínú páálí. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, ó yọ ẹyọ kan, ó dì í mọ́wọ́.

"Màmá, ọ̀kan ti wà nínú ìtẹ́, bẹ́ẹ ṣe kọ́ mi."

"Ìyẹn ti adìyẹ ni. Tìẹ nìyí. Ó máa wà níbí."

Dókítà gbé páálí sínú mọ́tò. Ó wa mọ́tò lọ, eruku sì bo ọ̀nà.

Àpọ́nlé gbé ẹyin náà sínú igbá kékeré lójú fèrèsé. Ọyẹ́ lọ, òjò kọ́kọ́ rọ̀, wọ́n gbin iṣu. Jímọ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó fọwọ́ bo imú. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà.

"Ìyá Àwáwù, ẹyin yẹn ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín jù ú nù."

"Fi í síbẹ̀."

Bí mọ́tò bá ti dún lọ́ọ̀ọ́kán, á dìde lọ sójú ọ̀nà. Mọ́tò á kọjá. Á padà wọlé. Nígbà tílẹ̀ bá tún mọ́, á ṣí àgò, àwọn oníka márùn-ún á rọ́ jáde sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," á ní. "Kò tíì dé."